Àwa méjì àti àwa púpọ̀: ohun tí èdè Nọ́wè àti ti Swídìn ń yí padà nínú gírámà Saami

Bí èèyàn méjì bá ń bọ̀ lọ́nà ní Kautokeino, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Nọ́wè, tí wọ́n sì fẹ́ fi èdè Saami, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, sọ pé àwọn ń bọ̀, "moai bohte" ni wọ́n máa wí: àwa méjì ń bọ̀. Kí ẹnì kẹta ṣáà ti dara pọ̀ mọ́ wọn, gbólóhùn yẹn ò ṣeé lò mọ́. Ó di "mii boahtit". Arọ́pò-orúkọ yí, ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì yí tẹ̀ lé e. Àwa Yorùbá lè sọ pé "àwa méjèèjì" nígbà tó bá wù wá, a sì lè sọ pé "à ń bọ̀" kó parí síbẹ̀. Ní ti Saami, wíwù kọ́. Gírámà ló fi dandan lé e.

Èdè Nọ́wè àti ti Swídìn tó yí wọn ká kò ní irú èyí. "Vi" ni fún èèyàn méjì, òun náà ni fún ẹgbẹ̀rún. Ọmọ Saami tó ń fi èdè méjì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ń gbé irú ìyàtọ̀ báyìí kiri lórí, ó sì pọ̀ lọ jàra: èdè kan á béèrè ohun tí èkejì ò bìkítà fún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn Saami ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn dáadáa lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Ní ọdún 2018, ilé aṣòfin Nọ́wè gbé ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà kalẹ̀ láti wádìí ohun tí ìjọba fojú wọn rí, àwọn àti àwọn ẹ̀yà kékeré mìíràn bíi Kven. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Òkúdù 2023. Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù Bélú 2024, ilé aṣòfin tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ èdè, iye àwọn tó kù tó ń sọ ọ́ ni gbogbo ayé ń kà. Ó yẹ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka orí kò ní rí ohun tó ń lọ lẹ́nu àwọn tó ṣì ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn tó wà láàárín olùkọ́, òbí àti oníròyìn Saami ti ń gbóná: ṣé èdè Saami ni àwọn ọmọ ń sọ, àbí èdè Nọ́wè tó wọ aṣọ Saami?

Sápmi ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín Nọ́wè àti Swídìn, ó gba òkè Fínlándì kọjá, ó sì dé Kola ní Rọ́ṣíà. Èdè mẹ́sàn-án ló kù tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Èdè ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹ̀ka èdè kan ṣoṣo: ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù kò lè gbọ́ ohun tí ẹni Kola ń wí. Saami Àríwá ló tóbi jù, àwọn tó ń sọ ọ́ tó 20,000 tàbí kí wọ́n lé díẹ̀. Saami Gúúsù ò ju nǹkan bí 500 lọ. Ìdílé èdè Uralic, tí Finnish àti Hungarian wà nínú rẹ̀, ni gbogbo wọn ti wá. Èdè Nọ́wè àti ti Swídìn ní tiwọn jẹ́ ìbátan Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ohun tó wà láàárín wọn jọ ohun tó wà láàárín Yorùbá àti Hausa: ilé wọn ò jìnnà síra, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, àmọ́ ìyá ò pa wọ́n pọ̀.

Wọ́n sì ti ń ná ọjà yẹn tipẹ́. Ní 1893, Just Qvigstad, ọmọ Nọ́wè, tẹ ìwé kan jáde tó kó àwọn ọ̀rọ̀ tí Saami yá lọ́wọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù jọ, àkójọ náà sì gùn gan-an. Àgùntàn ń jẹ́ "sávza", ewúrẹ́ ń jẹ́ "gáica", búrẹ́dì ń jẹ́ "láibi", àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ń jẹ́ "áiru". Gbogbo wọn ló wá láti ẹnu àwọn baba ńlá àwọn ará Nọ́wè. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé Saami tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ náà ju àwọn tó ni ín lọ. "Åre" ni Nọ́wè ń pe àjẹ̀ lónìí. Ìró "ai" àtijọ́ ti yọ́ mọ́ wọn lẹ́nu kí ayé àwọn Viking, àwọn jagunjagun orí òkun láyé àtijọ́, tó dé. Ó ṣì wà nínú "áiru" títí dòní. Àwọn onímọ̀ èdè tó ń wá bí èdè Nọ́wè ṣe ń dún ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn a máa lọ bẹ Saami wò, bí ẹni tó gbàgbé oríkì ìdílé rẹ̀ tó wá bá a lẹ́nu aládùúgbò.

Orúkọ nǹkan rọrùn láti yá. Nǹkan tuntun dé, orúkọ rẹ̀ bá a dé. Gírámà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà tó sì máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń so gbólóhùn pọ̀. Saami Àríwá ń lo "ahte" níbi tí àwa ti ń sọ "pé", ọwọ́ ará Nọ́wè ló sì ti yá a, "at" ni wọ́n ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ jókòó sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Ìbàdàn, kí ẹ ka iye ìgbà tí "bíkọ́ọ̀sì" á jáde lẹ́nu ẹni tó gbà pé Yorùbá pọ́ńbélé lòun ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti jókòó tán, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tò bí èyí tó wà nínú èdè tí wọ́n ti yá a.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "àwa méjì". Nígbà ayé àwọn Viking, èdè àwọn baba ńlá Nọ́wè ní in! "Vit" ni fún méjì, "vér" ni fún púpọ̀. Iceland ṣì ń lo "við" títí dòní, ṣùgbọ́n ó ti di "àwa" lásán, iye yòówù kó jẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn èèyàn méjì tó jọ ń gbé etí òkun àríwá ló ní ìyàtọ̀ kan náà nínú gírámà wọn. Ọ̀kan sọ tirẹ̀ nù, èkejì dì í mú. Ẹ wá wò ó: àwọn èdè Saami tí ìyàtọ̀ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, bíi Skolt àti Kildin, ìlà-oòrùn ni wọ́n wà, ní ìhà Rọ́ṣíà. Àwọn tó ń bá Nọ́wè gbé pọ̀ jù ló ṣì ń sọ "moai". Ẹni tó bá ń di gbogbo àyípadà ru aládùúgbò ní láti kọ́kọ́ dáhùn èyí.

Ǹjẹ́ Saami náà fún àwọn aládùúgbò ní nǹkan? Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ò tilẹ̀ béèrè, torí lójú wọn, darandaran bíi Saami ò ní ohun tí àgbẹ̀ olóko ńlá máa yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ là wọ́n lójú ni èémí. Nínú "áhčči", tó túmọ̀ sí bàbá, èémí díẹ̀ máa ń jáde kí ìró "č" tó dé. Lẹ́tà "h" yẹn ló dúró fún un. Irú èémí kan náà wà lẹ́nu àwọn ará Iceland nígbà tí wọ́n bá ń sọ "takk", ìyẹn "ẹ ṣé", ó sì wà nínú àwọn ẹ̀ka èdè kan ní Nọ́wè àti Swídìn. Kò sí Saami ní Iceland, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti Nọ́wè ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ Iceland dó ti wá, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Jurij Kusmenko, onímọ̀ èdè, tún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè sí i ní 2008. Ó ní àwọn nǹkan pàtàkì nínú gírámà Nọ́wè àti Swídìn fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ Saami nínú, títí kan bí wọ́n ṣe ń so àmì "náà" mọ́ ìdí ọ̀rọ̀: "hund" ni ajá, "hunden" ni ajá náà. Ọ̀pọ̀ ò gbà fún un. Ní tèmi, mo gba ti èémí. Ti "hunden" ṣì ń kọ mí lóminú, torí ọ̀pọ̀ èdè tí kò rí Saami rí ló ti so irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ fúnra wọn.

Ohun tó wà nídìí gbogbo ìyẹn ni pé láyé àtijọ́, ẹni tó ní awọ àti ẹja ń pàdé ẹni tó ní irin àti ọkà, oníkálukú sì ń gbọ́ èdè èkejì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló da ìyẹn rú. Ní 1851, ilé aṣòfin Nọ́wè ya owó sọ́tọ̀ nínú ìsúnná láti sọ àwọn Saami di ará Nọ́wè. Àṣẹ tí wọ́n fún àwọn olùkọ́ ní 1898 ni pé kí èdè Nọ́wè gba ilé ẹ̀kọ́ kan, títí kan àkókò ìsinmi tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Òfin ilẹ̀ 1902 fi èyí tó kù dé e: ní Finnmark, ní àríwá Nọ́wè, ẹni tí kò bá lè sọ èdè Nọ́wè, kó kà á, kó sì kọ ọ́, kò lè ra ilẹ̀ ìjọba. Ẹni tó bá kàwé ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó sọ "fanákúlà" sílẹ̀ mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá tèmi pé kò ní rí ilẹ̀ rà nítorí Yorùbá.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà pín sí méjì, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wò ó, torí ohun tí gírámà ń ṣe lójú ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra.

Àwọn kan pa Saami tì. Ní abúlé etíkun ní Troms àti Finnmark, òbí fi Nọ́wè bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ìyà tó jẹ wọ́n má bàa jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n Nọ́wè tí wọ́n sọ jẹ́ Nọ́wè tí àgbàlagbà kọ́, gírámà Saami sì ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Nọ́wè pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ, abo àti èyí tí kò ṣe akọ tí kò ṣe abo. Saami ò mọ ìyẹn rárá, kódà "son" ni fún ọkùnrin àti obìnrin, bí tiwa ṣe jẹ́ "ó" tàbí "òun". Nítorí náà, ìpín akọ àti abo a máa dojú rú nínú Nọ́wè abúlé bẹ́ẹ̀. Gbogbo Yorùbá tó ti pe ìyàwó rẹ̀ ní "he" níwájú òyìnbó rí á mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọpọlọ ò kú rárá; gírámà ìyá ló ṣì wà nídìí iṣẹ́.

Àwọn kejì ò fi Saami sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi Nọ́wè tàbí Swídìn ṣe gbogbo nǹkan mìíràn: ilé ìwòsàn, báńkì, tẹlifíṣọ̀n, àtẹ̀jíṣẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, Saami fúnra rẹ̀ ló ń yí. Ohun tí mo sì rò pé kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn dáadáa ni bó ṣe ń yí. Wọ́n rò pé gírámà Nọ́wè ń rìn wọlé bí àlejò tó gbé ẹrù lérí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Saami ti ní ọ̀nà méjì tẹ́lẹ̀ láti sọ ohun kan. Ọ̀kan jọ ti Nọ́wè, èkejì ò jọ ọ́. Èyí tó jọ ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, èyí tí kò jọ ọ́ á máa rù. Kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe.

Ẹ wo "ìyá mi". Ní Saami Àríwá, o lè so "mi" mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà, kó di "eadnán", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. O sì lè fi "mu" ṣíwájú, kó di "mu eadni". Méjèèjì ti wà tipẹ́, méjèèjì ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n "min mor" ni Nọ́wè ń sọ, ọ̀rọ̀ méjì tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, "mu eadni" sì bá a mu rẹ́gí. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, "mu" ń gbilẹ̀, àfòmọ́ ìparí ń rá. Àfòmọ́ yẹn sì níṣẹ́ tó ń ṣe. Bí mo bá ní "Ṣadé rí ìyá rẹ̀", ẹ ò mọ̀ bóyá ìyá Ṣadé ni àbí ìyá ẹlòmíì. Àfòmọ́ Saami máa ń tọ́ka sí olùṣe gbólóhùn, kò ní sí ìjà. Nọ́wè náà ní ọ̀rọ̀ kékeré kan fún èyí, "sin" ni. Kí wá ni àwọn ọ̀dọ́ Saami ṣe? Wọ́n mú "iežas", ọ̀rọ̀ ilé wọn tó túmọ̀ sí "tirẹ̀ gan-an", wọ́n gbé e sí ipò "sin". Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Nọ́wè kan nínú gbólóhùn náà, Nọ́wè ló sì fún un ní ètò.

Tàbí ẹ wo bíbẹ̀rẹ̀ nǹkan. "Čállit" ni kíkọ. Àgbà á so "-goahtit" mọ́ ọn, kó di "čálligoahtit": kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Saami kún fún irú àsomọ́ bẹ́ẹ̀: èyí tó ń sọ pé a ṣe é wéré, èyí tó ń sọ pé a ṣe é díẹ̀, èyí tó ń sọ pé a ń ṣe é léraléra. Nínú wọn ni adùn èdè náà wà, bí adùn tiwa ṣe wà nínú "rọ̀bọ̀tọ̀" àti "fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́". Ṣùgbọ́n "álgit čállit" náà wà, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó tẹ̀ léra bíi "begynne å skrive" ti Nọ́wè. Ẹ ti mọ èyí tó ń sanra. Nínú ìwé ọ́fíìsì pàápàá, "váldit oktavuođa" ti gbilẹ̀ fún "kàn sí ènìyàn". Bí ẹ bá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, "mú ìkànsí" ni, torí "ta kontakt" ni Nọ́wè ń sọ.

Saami Gúúsù ló lè fi hàn jù bí òfin ṣe lè yí láìpariwo. Láti sọ pé èèyàn ní ajá, èdè Saami kì í lo ọ̀rọ̀-ìṣe "ní". Àríwá á sọ pé "mus lea beana", bí ẹni pé "ọ̀dọ̀ mi ni ajá wà". Gúúsù ní tirẹ̀ lo "mov", ìyẹn "tèmi", pẹ̀lú "lea", ìyẹn "wà". Ṣùgbọ́n Gúúsù tún ní ọ̀rọ̀-ìṣe "utnedh", tó túmọ̀ sí lílo nǹkan tàbí dídì í mú, òun ló sì ti di "ní" báyìí: "manne bïenjem utnem", mo ní ajá, gẹ́gẹ́ bíi "jeg har en hund". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìtòtẹ̀léra rẹ̀: èmi, ajá, ní. Saami Gúúsù ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ìparí, ohun tí Nọ́wè àti Swídìn kì í ṣe, tí àwọn Saami yòókù pàápàá ti fi sílẹ̀. Èdè tí èèyàn 500 ń sọ, tí aládùúgbò ti yí bó ṣe ń sọ "mo ní" padà, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ nípò. N kò mọ òfin kan tó lè sọ èyí ṣáájú.

Ìyísódì náà dúró gbọn-in. "Kò" ti Saami jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì ń yí pẹ̀lú ẹni tó ń sọ̀rọ̀: "in boađe" ni mi ò wá, "it boađe" ni o ò wá, "ii boađe" ni kò wá. Nọ́wè ní "ikke" kan ṣoṣo tí kì í yí fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀rún ọdún ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ò mi "in, it, ii". Ó lè jẹ́ nítorí pé ọmọ á ti sọ "mi ò ṣe" ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kó tó pé ọdún mẹ́ta ni.

Lónìí, ọ̀nà tí Nọ́wè ń gbà wọlé kì í ṣe inú ilé nìkan mọ́. Òfin èdè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992 fún Saami lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ìjọba kọ̀wé sí wọn lédè wọn ní àwọn agbègbè kan. Ìṣẹ́gun ni. Ṣùgbọ́n èdè Nọ́wè ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ ìwé ìjọba, kí ògbufọ̀ tó tú u. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà, ìròyìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà kan náà wá. Ọmọ tí kò gbọ́ Saami nílé, tó jẹ́ pé inú kíláàsì ló ti kọ́ ọ, lè máa ka Saami tó jẹ́ Nọ́wè ní abẹ́nú láti kékeré. Ní 2024, Google fi Saami Àríwá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń tú. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ ju ohun tó kà lọ.

Ní yunifásítì Tromsø, àwọn kan ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n jókòó kọ òfin gírámà Saami sínú kọ̀ǹpútà fúnra wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fi ṣe ẹ̀rọ tó ń yẹ sípẹ́lì àti gírámà wò fún ẹni tó ń kọ̀wé. Bí o bá kọ "giella", tó túmọ̀ sí èdè, níbi tó ti yẹ kó jẹ́ "giela", ti èdè, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ta ọ́ lólobó. Ó wúlò gan-an fún ẹni tó kọ́ èdè náà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ "mu eadni" ní ìgbà ogún nínú lẹ́tà kan, kò sí ìlà pupa tí yóò yọ lábẹ́ ìkankan, torí kò sí àṣìṣe níbẹ̀. "Eadnán" ni kò sí nínú lẹ́tà náà, ẹ̀rọ ò sì lè fa ìlà sábẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ.